Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà: Kíkun Kọ́bọ́ọ̀dù Ilé Ìdáná Láàárín Òkun àti Ọ̀sà

Bí ọ̀dà bá ń ṣí lára kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná kan ní Ajah, ọ̀dà ni gbogbo ilé máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní ayédèrú ni, wọ́n á ní ẹni tó tà á ti là á kó tó dé ọwọ́ àwọn, wọ́n á sì pinnu pé olówó gọbọi làwọn máa rà nígbà míì. Òótọ́ ni pé ayédèrú kò ṣọ̀wọ́n lọ́jà Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀kan nínú èépá ọ̀dà tó ṣí náà, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń dán gbinrin, a jẹ́ pé kò di nǹkan kan mú rí: ojú tí wọ́n kùn ún lé ń yọ̀, tàbí kí ọ̀rá wà níbẹ̀. Bí ìyẹ̀fun funfun bá wà lẹ́yìn rẹ̀, eruku sáńpépà ni, tí ẹnikẹ́ni kò nù kúrò. Bí ó bá fa fọ́nrán pákó dání, omi ti wọ inú pákó ọ̀hún, pákó ló sì kọ́kọ́ bàjẹ́ kí ọ̀dà tó tẹ̀lé e. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú orí yìí ni pé ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà ló ń pinnu iye ọdún tí ọ̀dà máa lò, òun náà ló sì ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà máa pa àwọn ará ilé lára tàbí kò ní í pa wọ́n lára. Ìdí nìyí tí onílé tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kun kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ fi lè ṣe é dáadáa ju ẹni tí ó háyà lọ. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ já fáfá jù. Àkókò ló ní láti fi ṣètọ́jú ojú pákó.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù Lekki, ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀, ilẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò sì fẹ̀. Láti Lekki Phase 1 dé Ikate, Jakande, Agungi àti Ikota, títí lọ dé Ajah, Badore àti Sangotedo, púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí ló jẹ́ àbàtà tí wọ́n da yanrìn sí kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Ọ̀rinrin ń bá afẹ́fẹ́ wọlé, ó tún ń gba ìpìlẹ̀ gun ara ògiri. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó pọ̀ jù lọ nínú ọdún, omi inú afẹ́fẹ́ máa ń ju 80% ohun tí afẹ́fẹ́ yẹn lè gbà lọ. Atẹ́gùn òkun kò sì gbé omi nìkan wá. Bí ìgbì bá ń fọ́ létí òkun, ẹ̀kán omi kéékèèké á fò sókè, omi ara wọn á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́ kù, atẹ́gùn á gbé e wọ ojú fèrèsé. Iyọ̀ ní àbùdá kan tí gbogbo ẹni tó ń dáná mọ̀ láìka ìwé: bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti ju nǹkan bí 75% lọ, iyọ̀ á máa fa omi mọ́ra títí yóò fi yọ́. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ inú ike fi máa ń rin nínú oṣù Kẹfà, tó sì máa ń gbẹ padà nígbà ọ̀yẹ́. Iyọ̀ tí ojú kò lè rí lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀dà tó gbẹ kì í ṣe ohun tí omi kò lè gbà kọjá. Omi ń yọ́ gba inú rẹ̀ lọ́ díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ á fa omi yẹn jọ sójú kan, ọ̀dà á lé ròrò, ìka ọmọdé kan á sì bẹ́ ẹ.

Fífi omi fọ iyọ̀ kúrò kò le, bí omi náà kò bá níyọ̀. Níhìn-ín gan-an ni ọ̀rọ̀ Lekki ti yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Òkun ti wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀ ní àwọn apá kan ní etíkun yìí, bọọhóòlù tó pọ̀ sì ń pọn omi tó níyọ̀, tàbí omi tó ní ìpẹtà irin tó ń sọ aṣọ funfun di rúsúrúsú. Ẹni tó bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣan kọ́bọ́ọ̀dù, tó sì jẹ́ kí ó gbẹ síbẹ̀, ó ti tún da iyọ̀ padà sójú tó fẹ́ kùn. Omi bọọhóòlù dára fún fífọ̀ àkọ́kọ́. Ṣíṣan ìkẹyìn ni kí ẹ fi pure water ṣe. Bí a bá fi rin aṣọ tó mọ́, ìwọ̀nba ọ̀rá pure water mélòó kan ló máa tó gbogbo ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn iyọ̀, ọ̀tá kejì ni ìrì, ẹ̀rọ amúlétutù ló sì ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń kun ọkọ̀ ojú omi àti afárá onírin ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré: wọn kì í kun ohunkóhun bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ju 85% lọ, ojú irin náà sì gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 3°C gbóná ju ìwọ̀n ooru tí ìrì fi ń sẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká gbé òfin yìí wọ inú ilé kan ní Lekki. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá wà ní 30°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 80%, ìrì á sẹ̀ sára ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bí 26°C lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun lágbègbè náà, kò sí ògiri láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná, afẹ́fẹ́ tútù pálọ̀ sì ni ilé ìdáná ń gbà. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ti sùn mọ́jú nínú 22°C, bí onílé bá pa ẹ̀rọ lówùúrọ̀, tó ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí òórùn ọ̀dà lè jáde, tó sì gbé búrọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀, orí omi ló ń kùn. Omi náà fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ó tó láti má jẹ́ kí ọ̀dà di pákó mú. Ẹ pa ẹ̀rọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ṣí fèrèsé kí pákó àti afẹ́fẹ́ ìta di ọ̀kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ lọ́jọ́ tí òjò kò bá ṣú. Láàárín ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ Èkó máa ń gbẹ jù. Nínú gbogbo ọdún, ọjọ́ ọ̀yẹ́ díẹ̀ tó ń dé láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, àfi pé eruku pọ̀ nígbà náà, kí ẹ sì tètè ti fèrèsé bí ọ̀dà bá ṣì tutù.

Ìyẹn ni ti omi. Ti epo ló wá le jù, nítorí ilé ìdáná wa kì í ṣe ilé ìdáná ẹni tó ń fi omi bọ ọ̀dùnkún. À ń yọ́ epo pupa títí yóò fi rú èéfín, à ń dín dòdò, à ń dín àkàrà, a sì ń dín ata títí epo rẹ̀ yóò fi lé sókè. Èéfín yẹn á gbé epo dé òkè kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ kò dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé epo tó ti pẹ́ lára pákó ti gbẹ. Bí epo ṣe ń gbẹ sinmi lé iye ojú ibi tí òkísíjìn ti lè rí dì mú nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń fi áyódínì wọn èyí, bí iye náà bá sì ṣe ga tó ni epo ń gbẹ tó: epo flax, tí àwọn ayàwòrán Yúróòpù ti ń fi ṣe ọ̀dà láti ayébáyé, máa ń ju 170 lọ, òróró ẹ̀pà wà ní nǹkan bí 90, epo pupa kò ju nǹkan bí 50 lọ. Epo flax á gbẹ di awọ líle. Òróró ẹ̀pà á di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Epo pupa kì í gbẹ láé. Bí a bá kun ọ̀dà lé e, a ti fi epo tútù sí àárín ọ̀dà àti pákó, kò sì sí ọ̀dà olówó iyebíye kankan tó lè di epo tútù mú. Sáńpépà kò sì lè yanjú rẹ̀, nítorí bí a bá ha pákó kí a tó fọ̀ ọ́, ńṣe ni sáńpépà máa ti epo wọ inú ojú ihò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Fífọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú: omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, kànìnkànìn, ká tún un fọ̀, ká sì ṣan án. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ọ̀nà tí a ó fi mọ̀ pé epo ti tán rọrùn. Ẹ ta omi díẹ̀ sára ilẹ̀kùn tí ẹ gbé dúró. Bí omi bá tàn ká bí aṣọ tí a tẹ́, ojú náà ti mọ́. Bí ó bá pín sí róbótó róbótó, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà sídìí ọṣẹ.

Pákó tó wà nídìí rẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ jẹ́ igi gidi, ó lè jẹ́ ìrókò tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀. Èyí tí àwọn káfíńtà ń ṣe báyìí lójú ọ̀nà Lekki sí Epe jẹ́ MDF tàbí HDF, ìyẹn fọ́nrán igi tí a fi gọ́ọ̀mù pò pọ̀, tí a sì fi ooru tẹ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ dán, omi kò tètè wọ̀ ọ́. Etí rẹ̀ ní ibi tí ayùn ti gé e ni ibodè tó ṣí sílẹ̀. Omi tó kán láti inú síńkì máa ń gba etí ìsàlẹ̀ wọ inú rẹ̀, pákó náà á wú, kò sì ní í padà sí bó ṣe wà mọ́ láéláé. Ẹni tó bá ti rí etí ilẹ̀kùn abẹ́ síńkì tó là bí ojú ìwé tí òjò pa mọ ohun tí mò ń sọ. Nítorí náà, ojú tí àlejò kò lè rí ló yẹ kí a kọ́kọ́ kùn: etí òkè, etí ìsàlẹ̀, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ìdè ilẹ̀kùn, àti ẹ̀yìn. Ẹ fi primer, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí etí náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ ha á pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ kí ẹ tó fi ti ẹlẹ́ẹ̀kejì lé e. Àǹfààní míì wà níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó wà nínú MDF sábà máa ń ní formaldehyde, èyí tí àjọ IARC, ẹ̀ka WHO tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti kà mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn láti 2004. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ṣe ń pọ̀ sí i ni pákó ń tú u jáde tó, ooru àti ọ̀rinrin sì ni ilé ìdáná wa ní lọ́pọ̀ yanturu. Pákó tí a kùn yíká, tí etí rẹ̀ kò ṣí sílẹ̀ níbì kankan, ń tú ìwọ̀nba díẹ̀ jáde.

A ti dé ibi tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ jù. Ọ̀dà tuntun kò lè di ojú tó ń dán mú, a gbọ́dọ̀ fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́. Ṣùgbọ́n híha ọ̀dà àtijọ́ ni ọ̀nà tó yá jù lọ láti sọ òjé di eruku inú ilé. Wọ́n ti máa ń po òjé mọ́ ọ̀dà láti jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tàn, pàápàá àwọ̀ ìyeyè àti pupa, àti láti jẹ́ kí ọ̀dà elépo tètè gbẹ. Ní 2007, àwọn olùṣèwádìí kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé láti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn tẹ àbájáde àyẹ̀wò ọ̀dà ilé tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà nígbà náà jáde. Nínú mílíọ̀nù kan ìdá ọ̀dà gbígbẹ, òjé tí wọ́n bá níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 85 títí dé 50,000. Nínú ọgọ́rùn-ún, 96 ló kọjá 600, tó jẹ́ òpin tí òfin Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ láti 1978, tí wọ́n sì ti rẹ̀ sílẹ̀ sí 90 láti 2009. Kì í ṣe ọ̀dà ayé àtijọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò. Ọjà ni wọ́n ti rà á, ní àkókò kan náà tí wọ́n ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Lekki àti Ajah. Ìyẹn ni pé kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kùn ní VGC, ní Jakande tàbí ní Badore lọ́dún 2005 lè ní òjé lára, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Àtakò àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa gbé dìde ni pé inú ilé tí wọ́n kun ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa dàgbà sí, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Mo gbọ́ ọ, mo sì gbà pé ọ̀dà tó jókòó jẹ́ẹ́ sára pákó, tí kò ṣí, tí ẹnikẹ́ni kò ha, kì í pani lára. Eruku rẹ̀ ló ń pani. Ọmọ tó ń rá kòrò nílẹ̀ ilé ìdáná ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ yẹn sẹ́nu. WHO sọ pé nínú òjé kan náà tó wọ inú ikùn, ara ọmọdé lè fa ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ohun tí ara àgbàlagbà máa fà, àti pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní Zamfara ní 2010, nígbà tí àwọn èèyàn ń fọ́ òkúta wúrà tó ní òjé nínú ọgbà ilé wọn, ó tó 400 ọmọdé tí ó kú, gbogbo ayé ló sì gbọ́. Ti inú ilé ìdáná kì í rí bẹ́ẹ̀. Kì í gbé ọmọ dákú, ilé ìwòsàn kì í sì í rí i. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín làákàyè ọmọ kù, ó ń jẹ́ kí ọmọ má lè fọkàn sí ẹ̀kọ́, a ó sì máa bú ọmọ náà pé kò gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kò ṣe wá ní nǹkan kan: kò sí ẹni tó mọ bí òun ì bá ti rí ká ní kò sí i. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Bí kò bá sí ọ̀nà láti yẹ ọ̀dà àtijọ́ wò, ẹ kà á sí pé òjé wà níbẹ̀, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni tó mọ̀. Èyí kò ní kí á má kùn ún. Ó kàn ní kí híha náà jẹ́ nínú omi. Wọ́n ń ta sáńpépà tó gba omi, èyí tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò. Ẹ tú àwọn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé wọn jáde sí ẹ̀yìnkùlé tàbí báńkóónì, ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ wọn, ẹ fi ìgò ìfọ́nmi rin ojú wọn, kí ẹ tó ha wọ́n títí dídán wọn á fi kú. Kò pọn dandan kí pákó hàn. Ojú tí kò dán mọ́ ti tó fún ọ̀dà láti dì mú. Lórí MDF, ẹ má ṣe jẹ́ kí omi náà pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó kan etí tí kò tíì ní primer. Ẹ fi aṣọ tútù nu ẹrẹ̀ tó bá jáde, ẹ ká rọ́bà náà sínú, ẹ dì í, kí ẹ kó o fún ọkọ̀ akólẹ̀ PSP. Ẹ má dà á sídìí ẹ̀fọ́ tàbí ewédú. Nínú ilé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìbòmú aṣọ tí a fi gba kòrónà kọjá kò dá eruku yìí dúró, N95 ló kéré jù tí a lè lò. Kí àwọn ọmọdé àti aláboyún kúrò nílé títí wọ́n á fi nu ilẹ̀ tán, kí ẹni tó ṣiṣẹ́ sì bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ó wẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ tàbí jẹun. Ẹ má ṣe fi iná jó ọ̀dà àtijọ́ láé, nítorí iná á sọ òjé di èéfín. Bí ó bá jẹ́ igi ìrókò ni, ìdí míì wà fún ìbòmú, nítorí ìyẹ̀fun ìrókò máa ń yún ara, ó sì ń dí àwọn ẹlòmíràn láyà.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀dà ayé òde òní kò ní òjé mọ́, pé wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára garawa. Àyípadà ti dé lóòótọ́, àwọn ẹgbẹ́ bíi SRADev Nigeria, tó wà ní Èkó níhìn-ín, sì ti jà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ yan èyí tó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò ní òjé, kí ẹ sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ìsọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tuntun kọ́ ni sáńpépà ń ha. Èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn ló ń ha.

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó àti àkókò: kí ni à ń ṣe wàhálà fún, nígbà tí péńtà máa parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan? Péńtà mọṣẹ́, mi ò ní sọ ohun tó yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ á fa ìlà tó gún ju ti ẹni tó ń kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n iye iṣẹ́ tó bá parí ni à ń sanwó rẹ̀, a kì í sanwó fún iye ìgbà tó fọ epo, kò sì sí ẹni tó máa dúró kí ìrì gbẹ pẹ̀lú owó oúnjẹ òòjọ́ lọ́rùn. Ohun tí à ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ojú tó ń dán lónìí. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sí nínú àdéhùn. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń fi la ọ̀dà elépo pẹ̀lú, nítorí pẹtiróòlù ni ọ̀pọ̀ ń lò, ó rọrùn láti rí. Pẹtiróòlù ní benzene nínú, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, IARC sì ti ka iṣẹ́ péńtà fúnra rẹ̀ mọ́ àwọn iṣẹ́ tó ń fa jẹjẹrẹ láti 1989. Bí péńtà ṣe ń mí oru pẹtiróòlù símú lójoojúmọ́, ara rẹ̀ ló fi ń san án, ó sì yẹ kí onílé tó gbà á sí iṣẹ́ ronú nípa ìyẹn. Nínú ilé ìdáná, ewu kejì tún wà níbẹ̀: oru pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń ṣàn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí yóò fi rí iná, yálà iná gáàsì, ti ìṣáná tàbí ti fíríìjì tó ń tan ara rẹ̀. Ẹ gbé sílíńdà jáde kí ẹ tó ṣí garawa ọ̀dà elépo kankan, kí ẹ sì lo ohun tí wọ́n kọ sára garawa náà láti fi là á. Àkísà tó ti mu ọ̀dà elépo, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ, ẹ má ká a jọ sínú apẹ̀rẹ̀, nítorí ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná.

Nínú ọ̀dà elépo àti ọ̀dà olómi, èwo wá ni ká lò? Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń kùn ún nílé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbé ibẹ̀, kí ó lo ọ̀dà olómi tó le, èyí tí wọ́n ṣe fún igi àti irin, kì í ṣe emulsion ògiri. Òórùn rẹ̀ kéré, omi lásán la fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Gloss elépo le lóòótọ́, epo kò tètè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ nípa fífa òkísíjìn, bí a bá kùn ún nípọn, òkè rẹ̀ á gbẹ, abẹ́ rẹ̀ á rọ̀, á sì hunjọ. Ní inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, funfun rẹ̀ á di ìyeyè láàárín ọdún díẹ̀. Ọ̀dà alápá méjì (two-pack) tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ́n, tó ń dán bíi ti mọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ní ohun èlò rẹ̀. Isocyanate tó wà nínú rẹ̀ wà lára ohun tó ń fa ikọ́ fée jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ kárí ayé, ìbòmú lásán kò sì ràn án. Àléébù ọ̀dà olómi ni pé omi ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́ tó ti kún fún omi tẹ́lẹ̀. Wákàtí tí wọ́n kọ sára garawa, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Lóṣù Kẹfà ní Ajah, ẹ kà á sí ìlọ́po méjì. Lórí ìrókò, ẹ kọ́kọ́ fi primer tó ń dá àwọ̀ igi dúró sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oje igi náà á yọ gba inú ọ̀dà funfun jáde ní rúsúrúsú.

Àwọn míì á ní kí a kúkú ra ilẹ̀kùn tuntun. Bí pákó bá ti wú, mo gbà pẹ̀lú wọn, ọ̀dà kò lè sọ pákó tó là di odidi. Ẹ tẹ etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àtàǹpàkò: èyí tó bá rọ̀, ẹ ní kí káfíńtà gé òmíràn bíi tirẹ̀, ẹ sì kun gbogbo etí rẹ̀ kí wọ́n tó kàn án mọ́ ọn. Nínú ilé ìdáná kan, ó sábà máa ń jẹ́ èyí tó wà lábẹ́ síńkì àti èyí tó sún mọ́ ọn. Kò sí ìdí láti kó gbogbo ìyókù dànù nítorí méjì.

Lẹ́yìn kíkùn ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí àwọn ilẹ̀kùn dúró lọ́tọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó dá wọn padà sáyè, nítorí ọ̀dà olómi tó gbẹ lójú lè ṣì rọ̀ nínú débi pé ilẹ̀kùn tí a tì pa á lẹ̀ mọ́ férémù, tí a bá ṣí i, á ya ọ̀dà dání. Kí ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ kàn án. Títí di ìgbà náà, aṣọ rírọ̀ tí a fi omi rin ló tó, ẹ sì nu epo tó bá ta sí i lọ́jọ́ tó bá ta sí i.